Ẹ Tẹ́tí sí Ohun Tí Ẹ Yọ Dànù: Bí Mo Ṣe Ń Dín Ariwo Kù Nínú Ohùn Tí Mo Gbà Sílẹ̀ Nílé

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé sókè fún àwọn tó fẹ́ràn láti fi etí gbọ́ ọ. Inú yàrá mi ni mo ti ń ṣe é; n kò ní sítúdíò. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kà parí gba wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 40. Mo ti ń yin ara mi kí n tó wọ hẹ́dífóònù, àfi bí mo ṣe gbọ́ hùùù kan tó bá mi rìn láti ojú ìwé kìíní dé ìparí, bí ẹni tó ń kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Fáànù inú kọ̀ǹpútà mi ni. Mo wá ibi tí wọ́n kọ Noise Reduction sí nínú Audacity, sọ́fítíwíà tí mo fi ń tún ohùn ṣe, mo fa nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí 36, mo tẹ OK. Hùùù pòórá. Inú mi dùn débi pé mo fi fáìlì tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, mo sì fi í ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin. Kò tíì gbọ́ ọ tó ìṣẹ́jú 2 tó fi pè mí.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú o. Ṣé inú àgbá omi lẹ jókòó sí lẹ fi ka ìwé yìí ni?"

Òótọ́ ló sọ. Ariwo lọ, ṣùgbọ́n kò dá nìkan lọ. Gbogbo s tó wà nínú ìwé náà ti kú, ìparí gbólóhùn ń rì, ohùn tín-ín-rín kan sì ń dún wíríwírí láàárín ọ̀rọ̀. N kò sì ní ẹ̀dà mìíràn. Mo tún ìwé náà kà láti òkè délẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe ohun kan tí n kì í sábà rí kí àwọn tó ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́ yìí tẹnu mọ́: mo máa ń gbọ́ ohun tí sọ́fítíwíà fẹ́ yọ dànù kí n tó gbọ́ ohun tó ṣẹ́kù. Ẹni tó ń fẹ́ ọkà kì í wo inú igbá nìkan. Ó ń wo ìyàngbò tó ń fò lọ pẹ̀lú, kó má lọ jẹ́ pé ọmọ ọkà ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Bọ́tìnnì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wà nínú Audacity, ojú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fo kọjá. A máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ariwo wo gan-an ni?

Etí ènìyàn ní ojúsàájú. Bí ẹ bá jókòó sí yàrá tí fáànù ti ń yí fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ò ní gbọ́ fáànù náà mọ́, nítorí ọpọlọ yín ti yọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Máìkì ò mọ ìyẹn. Gbogbo ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀.

Nítorí náà, kí n tó ka ohunkóhun, mo máa ń wọ hẹ́dífóònù, mo máa tẹ bọ́tìnnì ìgbohùnsílẹ̀, mo máa pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, mo sì máa fi ojú dídì gbọ́ ọ padà. Mo máa dárúkọ ohun tí mo bá gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: fíríìjì, fáànù, wáyà, ọkọ̀ tó ń kọjá. Nígbà kan, tíkí-tíkí-tíkí kan dà mí láàmú fún odidi ọjọ́ 2. Mo pàrọ̀ wáyà, mo pàrọ̀ ihò tí mo ń ki máìkì bọ̀, mo tún sọ́fítíwíà fi sórí ẹ̀rọ. Àṣé aago ọwọ́ mi ni, tí mo máa ń bọ́ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì kó má bàa ṣe ariwo lọ́wọ́ mi.

Ariwo tó jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bíi ti fáànù, ti ẹ̀rọ amúlétutù, ti ṣṣṣ tí máìkì fúnra rẹ̀ ń ṣe àti ti kíkùn iná mànàmáná, ni sọ́fítíwíà mọ̀ ọ́n mú. Èyí tó ń wá tó ń lọ, bí ajá tó gbó lẹ́ẹ̀kan tàbí ilẹ̀kùn tó dún gbà, ọgbọ́n mìíràn la fi ń mú un. Ẹ̀kẹta kì í tilẹ̀ ṣe ariwo: ohùn tiwa fúnra wa ni, tó lu ògiri tó sì padà wá bá wa. Noise Reduction ò lè ṣe nǹkan kan sí i, torí pé ohùn wa ni, ìrísí kan náà ló ní pẹ̀lú èyí tó ti ẹnu wa jáde. Aṣọ ló ń wo èyí sàn. Mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn wọ́díróòbù sílẹ̀ lẹ́yìn mi kí aṣọ inú rẹ̀ máa gba ìró náà mu, mo sì máa ń ta aṣọ ìbora tó nípọn sára ògiri tí mo kọjú sí.

Ẹ sún mọ́ máìkì

N ó dúró díẹ̀ níbí, torí pé ibí yìí ni ìdajì iṣẹ́ náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sọ́fítíwíà kọ́.

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń kọ báyìí: dB, ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó. Bí ẹ bá gé àlàfo àárín ẹnu yín àti máìkì sí ìdajì, ohùn yín máa lágbára sí i pẹ̀lú nǹkan bíi 6 dB. Fáànù tó wà lódìkejì yàrá ò sún, ariwo tirẹ̀ dúró síbi tó wà. Ẹni tó jìnnà sí máìkì ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó wá sún mọ́ ọn títí di 30, ti jèrè 6. Bó bá tún sún dé 15, ó ti jèrè 12. Iye 12 yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá lọ́wọ́ sọ́fítíwíà, tí sọ́fítíwíà sì máa ń gba owó rẹ̀ lára ohùn. Àga tí a sún síwájú ò gba nǹkan kan lára ohùn.

Ẹ má kàn gbé e sí ọ̀kánkán ẹnu gan-an, èémí máa lù ú. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kó kọjú sí igun ẹnu yín. Ẹ kọ ẹ̀yìn máìkì sí ohun tó ń pariwo bó bá jẹ́ irú èyí tó ń gbọ́ ohùn láti iwájú nìkan. Ní ti agbára, kí ibi tí ohùn yín ti ròkè jù máa kan nǹkan bíi −12 sí −6 dB. Bó bá kan 0, ó ti lu àjà, ohùn tó bá sì fọ́ lórí àjà kì í ṣe é tún ṣe dáadáa. Bó bá kéré jù, ẹ máa ní láti gbé e sókè nígbẹ̀yìn, gbogbo ariwo tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì bá a gòkè.

Irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní WAV ni kẹ́ ẹ fi gbà á sílẹ̀. MP3 máa ń ju apá kan ohùn nù kí fáìlì lè kéré, irinṣẹ́ tó ń yọ ariwo sì nílò àwọn apá tó jù nù yẹn kó tó lè mọ èwo ni ariwo. Bó bá sì jẹ́ fóònù lẹ fi ń gbà á, ẹ wo inú áàpù náà bóyá ó ti ń dín ariwo kù fúnra rẹ̀. Ẹ pa á bó bá ṣeé pa. Ọlọ́wọ́ méjì kì í fọ aṣọ kan náà kó má ya.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún mi ní ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ jókòó bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má sọ ọ́, ẹ má ṣí ìwé, ẹ má tú èémí sí máìkì. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ẹ ó fi han sọ́fítíwíà pé, "Ẹni tí mo ń wí nìyí." Mo máa ń gba òmíràn sílẹ̀ nígbàkúùgbà tí nǹkan bá yí padà nínú yàrá, torí fíríìjì máa ń sinmi, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ariwo tí ẹ mú nígbà tó ń sinmi ò wúlò fún ìgbà tó ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ náà ni mo máa ń ka gbólóhùn ìdánwò kan, èyí tó ti di ti èmi: "Ó sá a síbẹ̀, ó ṣí fèrèsé, ó wọ ọkọ̀." Ìdí tí mo fi yàn án máa yé yín láìpẹ́.

Inú Audacity

Ọ̀fẹ́ ni Audacity, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ní 1999. Ó jáde fún gbogbo ènìyàn ní 2000. Kì í ṣe òun nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n òun ni mo mọ̀ bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì náà pamọ́ ní ẹ̀dà kan tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn mọ́ láé. Mo máa ń fi "tútù" kún orúkọ tèmi. Ẹ ti gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ wá fi máọ̀sì fa orí ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10 yẹn, kó lè yàn. Ẹ lọ sí Effect, lẹ́yìn náà Noise Removal and Repair, kí ẹ tẹ Noise Reduction. Ẹ tẹ Get Noise Profile. Fèrèsé náà máa pa dé láìsọ nǹkan kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń rò pé kò ṣiṣẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ yan gbogbo ohùn náà pẹ̀lú Ctrl+A, kí ẹ padà sí Noise Reduction yẹn kan náà. Ìgbà yìí ni nọ́ńbà inú rẹ̀ tó kàn wá.

Kí n sọ ohun tó ń ṣe ná, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa fa ọ̀pá kiri bí ẹni ń ta ayò. Ó máa gé ohùn sí wẹ́wẹ́, á wá pín wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ìpele púpọ̀, láti orí ìró tó wúwo jù dé èyí tó fẹ́lẹ́ jù. Láti inú ìdákẹ́jẹ́ yín, ó ti kọ bí ariwo ṣe ga tó ní ìpele kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tó bá dé orí ọ̀rọ̀ yín, ìpele tí ìró rẹ̀ bá ga ju àkọsílẹ̀ yẹn lọ máa kọjá, èyí tí kò bá tó o máa rẹlẹ̀ sí i. Kò mọ ohun tí ń jẹ́ ohùn ènìyàn rárá. Ó dà bí ọlọ́dẹ tó fi ọ̀pá kan wọn gbogbo ẹni tó fẹ́ wọlé: ẹni tó bá ga ju ọ̀pá lọ, kó wọlé, ẹni tó bá kúrú, kó padà. Ọmọ onílé tó bá kúrú máa bá àwọn àlejò padà.

Nínú ohùn Yorùbá, mo mọ àwọn ọmọ onílé tó kúrú wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni s, ṣ, f àti h, torí èémí lásán ni wọ́n, wọ́n sì jọ ariwo ju ohùn lọ. Bí irinṣẹ́ náà bá jẹ orí s, ó máa súnmọ́ ṣ, ẹni tó ń gbọ́ yín ò sì ní mọ̀ bóyá ẹ sọ pé ẹnì kan sá nǹkan sí oòrùn ni tàbí ó fi àdá ṣá a. Èkejì ni ohùn ìsàlẹ̀ tó bá bọ́ sí ìparí gbólóhùn. Ẹnu wa máa ń rọ̀ níbẹ̀, ohùn á sọ̀kalẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di èémí. Kí ọ̀pá ọlọ́dẹ ga díẹ̀ báyìí, ọkọ̀ ò ní ní ìparí mọ́. Gbólóhùn ìdánwò mi kó wọn pọ̀, àyàfi h: s, ṣ, f, ó sì fi ohùn ìsàlẹ̀ parí.

Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà nínú fèrèsé náà. Noise reduction ni iye dB tí ariwo máa fi rẹlẹ̀. Mo máa ń lo 6 sí 9, n kì í kọjá 12 mọ́. Sensitivity ni gíga ọ̀pá ọlọ́dẹ; bó bá ṣe pọ̀ tó ni àwọn tó máa pè ní ariwo á ṣe pọ̀ tó. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 4, mo sì máa ń dúró ní 6. Frequency smoothing ló ń mú kí ìpele kan fara jọ aládùúgbò rẹ̀, kí gígé náà má bàa le ṣáṣá. Mo ń fi í sí 3. Bí mo bá gbọ́ wíríwírí bí omi tó ń kán sínú ife, mo máa gbé e sí 6.

Wíríwírí yìí ti pẹ́ láyé. Steven Boll gbé ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ ariwo kúrò lára ohùn ní ìpele-ìpele jáde nínú ìwádìí rẹ̀ ní 1979, àwọn tó ń lò ó sì tètè ṣàkíyèsí pé ariwo tó bá ṣẹ́kù máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, á máa dún bí orin agogo tí kò ní olórí. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣe àṣìṣe púpọ̀. Ẹ kàn fà á jù ni.

Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ fèrèsé náà. Ibẹ̀ ni Reduce àti Residue wà. Ẹ tẹ Residue, lẹ́yìn náà Preview. Ohun tí ẹ ó gbọ́ ni gbogbo ohun tí sọ́fítíwíà fẹ́ gbé dànù. Ó yẹ kó jẹ́ hùùù tàbí ṣṣṣ lásán, bí yàrá tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yín níbẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, ó ti ń jí ohùn yín gbé. Ẹ kọ́kọ́ dín Sensitivity kù, ẹ tún gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ẹ dín Noise reduction kù. Preview kì í dún ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ láti ibi tí ohun tí ẹ yàn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà gbólóhùn ìdánwò yín ni kẹ́ ẹ yàn fún èyí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kà á ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Residue bá mọ́, ẹ padà sí Reduce, ẹ yan gbogbo ohùn, kí ẹ tó tẹ OK. Mo ti gbàgbé rí, mo tẹ OK lórí Residue, wákàtí kan ìwé kíkà di wákàtí kan fáànù. Ctrl+Z ló gbà mí.

Bí ariwo bá ṣì kù, mo máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ní 6 péré. Mo máa ń mú Get Noise Profile tuntun kí n tó ṣe é, torí ìdákẹ́jẹ́ náà ti yí padà lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́. Ìfọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì sàn ju ẹyọ kan tó le lọ. Ẹ má wá ìdákẹ́jẹ́ pátápátá. Ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé kíkà fún títà, ACX, sọ pé ariwo ìsàlẹ̀ ò gbọdọ̀ ga ju −60 dB lọ, kí ohùn gan-an wà láàárín −23 àti −18, kí ibi tó ga jù má sì kọjá −3. Wọn ò ní kó di òfìfo. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí tiyín wà, ẹ yan ìdákẹ́jẹ́ yín, ẹ lọ sí Analyze, ẹ tẹ Measure RMS.

Kíkùn iná mànàmáná

Iná mànàmáná ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní Yúróòpù, Áfíríkà àti ibi tó pọ̀ jù ní Éṣíà, ó sì jẹ́ 60 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n ń pè ní Hz. Bó bá wọ inú máìkì, ẹ máa gbọ́ ùùùn kan tó wúwo, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ní 100, 150 àti 200, tàbí ní 120, 180 àti 240. Kí ẹ tó fọwọ́ kan sọ́fítíwíà, ẹ yọ ṣájà kúrò lára kọ̀ǹpútà kí ó máa lo bátìrì rẹ̀. Bí ùùùn bá dákẹ́, ṣájà náà ni, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bí kò bá dákẹ́, High-Pass Filter ni. Ẹ fi í sí 80 Hz, Roll-off 24 dB. Gbogbo ohun tó bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ máa rẹlẹ̀: ùùùn, ìró ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀, tábìlì tí orúnkún kọ lù. Ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lókè ibẹ̀. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ bá nípọn gan-an kó fi í sí 60, pàápàá nínú Yorùbá tí ohùn ìsàlẹ̀ ti ń wọlẹ̀ ju ibi tí onítọ̀hún rò lọ. Bí 100 tàbí 150 bá ṣì ń kùn, Notch Filter máa bẹ́ ẹyọ nọ́ńbà kan péré lórí. Ẹ gbé Q rẹ̀ sókè dé 10 kó lè tín-ín-rín. Bó bá gbòòrò, ó máa gbẹ́ kòtò sínú ohùn yín.

Ẹ ṣe High-Pass ṣáájú Noise Reduction. Compressor ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn wọn. Ohun tí Compressor ń ṣe ni kó mú kí ohùn tó ga àti èyí tó rẹlẹ̀ súnmọ́ ara wọn. Ariwo ló rẹlẹ̀ jù, òun ló sì máa kọ́kọ́ gbé sókè. Ẹni tó bá fi Compressor ṣáájú ti bọ́ ọ̀tá rẹ̀ yó kó tó bá a jà.

Ajá, ilẹ̀kùn, ọ̀kadà

N kì í fẹ́ràn Noise Gate. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ti ilẹ̀kùn nígbà tí ohùn bá rẹlẹ̀ ju ibi kan lọ. Ariwo á wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, á wá pòórá láàárín ọ̀rọ̀, á tún padà, wá-lọ-wá-lọ, etí á sì wá máa ṣọ́ ariwo tí kò kọ ibi ara sí tẹ́lẹ̀. Ó tún máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ohùn ìsàlẹ̀ ìparí gbólóhùn. Bí ẹ bá ní láti lò ó, ẹ fi Level reduction sí −12 dípò kó pa ohùn rẹ́ pátápátá, kí ẹ sì fún Hold àti Decay láyè.

Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10 yẹn ni mo ń lò dípò rẹ̀. Bí ajá bá gbó láàárín gbólóhùn méjì, mo máa gé ìwọ̀n kan náà nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, mo máa lẹ̀ ẹ́ bo ibi tí ajá wà. Yàrá kan náà ni, fáànù kan náà ni, etí ò ní mọ̀ pé wọ́n lẹ nǹkan. Bí ẹ bá fi òfìfo bò ó, ihò ni ẹ dá. Fún tìkì kékeré kan tó bọ́ sórí ohùn, ẹ súnmọ́ ọn gan-an lójú ẹ̀rọ, ẹ yan án, kí ẹ lo Repair. Kò lè ju sáńpù 128 lọ (sáńpù ni ẹyọ tó kéré jù tí kọ̀ǹpútà ń fi kọ ohùn sílẹ̀), ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan tí a pín sí 300. Bí ajá bá sì gbó lórí ọ̀rọ̀ gan-an, ẹ tún gbólóhùn náà kà. Mo ti lo ìdajì wákàtí rí láti gbìyànjú láti ya ajá kúrò lára ọ̀rọ̀ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ láti tún sọ.

Àwọn tó ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe é

Jean-Marc Valin, tó wà lára àwọn tó ṣe Opus, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún ohùn pọ̀ kó lè kéré, gbé RNNoise jáde ní 2017. Kò béèrè àwòrán ariwo. Wọ́n ti fi ohùn ènìyàn àti ariwo púpọ̀ kọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń pinnu èwo ni èwo, kíákíá débi pé ẹ lè lò ó nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó wà nínú OBS Studio, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe fídíò tààrà: ẹ tẹ ọ̀tún máọ̀sì lórí máìkì yín, ẹ lọ sí Filters, ẹ fi Noise Suppression kún un, kí ẹ yan RNNoise. Fún ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí fún ẹni tó ń ṣe fídíò tààrà, n kò mọ ohun tó rọrùn jù ú lọ. Enhance Speech ti Adobe náà wà, tó máa ń mú kí ohùn yàrá dún bíi ti sítúdíò.

Fún ìwé kíkà, mo ń ṣọ́ra fún wọn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́ láti dá sí. Ohun tí kò bá jọ ọ̀rọ̀ wà nínú ewu. Ìwé kan wà tí ènìyàn inú rẹ̀ máa ń kùn orin sí ọmọ rẹ̀. Mo kùn ún bó ṣe yẹ, mo fi fáìlì náà gba ọ̀kan nínú wọn, orin náà sì yọ dànù pẹ̀lú fáànù. N kò rí i títí mo fi ṣe ohun tí mo máa ń ṣe: mo mú fáìlì tútù àti èyí tó mọ́, mo tò wọ́n sórí ara wọn, mo yí ọ̀kan lódì pẹ̀lú Invert, mo sì jẹ́ kí méjèèjì dún pọ̀. Ohun tó bá dọ́gba máa pa ara rẹ̀, ohun tí wọ́n yọ nìkan ló máa dún. Ìyẹn ni Residue fún irinṣẹ́ tí kò ní Residue. Ó máa ṣiṣẹ́ bí ẹ bá mú kí méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní ojú kan náà gẹ́lẹ́, tí irinṣẹ́ náà ò sì yí agbára ohùn padà. Àwọn tó ń tún ohùn kọ pátápátá ò ní gbà fún un. Bí irinṣẹ́ yín bá ní ọ̀pá tó ń sọ bó ṣe máa lágbára tó, ẹ má fà á dé ìparí.

Bí fáìlì bá pọ̀

Ẹni tí kò bẹ̀rù láti tẹ àṣẹ lè lo FFmpeg, irinṣẹ́ tó ń tún fáìlì ohùn àti fídíò ṣe; ọ̀fẹ́ lòun náà. Ìlà kan yìí ṣe High-Pass ní 80, ó sì dín ariwo kù pẹ̀lú 10 dB:

ffmpeg -i tutu.wav -af "highpass=f=80,afftdn=nr=10:nf=-50" mimo.wav

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn nf ni ibi tí ariwo yín wà. Ẹ fi ohun tí Measure RMS sọ fún yín rọ́pò rẹ̀. Orí ìwé 22 ni mo fi èyí fọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti fi ojú ara mi dán ẹyọ kan wò.

Ẹ má fi ránṣẹ́ lálẹ́ yẹn kan náà. Etí tó ti gbọ́ ariwo kan fún wákàtí 3 ò mọ nǹkan kan mọ́. Ẹ sùn, ẹ gbọ́ ọ láàárọ̀ pẹ̀lú hẹ́dífóònù, ẹ tún gbọ́ ọ láti ẹnu fóònù lásán, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ti gbọ́ ọ.

Ìwé tí mo tún kà yẹn, nígbà tí mo ṣe tán, mo fi fáìlì méjì ránṣẹ́ sí àbúrò mi: ìwé náà, àti Residue rẹ̀. Ó gbọ́ èkejì fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, fáànù nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbí o." Mo ní kó pa á rẹ́.